Bàbá Tíṣà Lẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Tàn Mọ́

Bàbá tó bí ìyá mi kì í lu nǹkan tó bá kọṣẹ́. Ní àdúgbò wa ní Arámọkọ, bí rédíò bá ń kùn ṣáá, wọ́n á gbá a lẹ́yìn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ṣú, wọ́n á fọ́ ọ létí, nígbà mìíràn á sì tàn lóòótọ́, ẹni tó gbá a á wá máa rẹ́rìn-ín bíi dókítà tó wo aláìsàn sàn. Bàbá kì í lè wo irú ẹ̀ kí wọ́n dákẹ́. Mo rántí ọjọ́ kan tí Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, na ọwọ́ gbá tẹlifíṣọ̀n ilé wa lórí nítorí pé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, àwòrán sì ń yí lọ sókè láìdúró. Bàbá dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n yíjú sí ọmọ wọn, ẹni tó ti di bàbá ọmọ nígbà náà.

"Kí lo bi í kí o tó lù ú?"

"Bàbá, tẹlifíṣọ̀n mà ni."

"Mo mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni. Mo ní, kí lo bi í?"

A ò rí òpin bọ́ọ̀lù yẹn wò.

Iṣẹ́ tíṣà ni Bàbá ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjerò, wọ́n kọ́ wọn ní Ayétòrò, Ìpótì ni wọ́n sì ti di ọ̀gá ilé-ìwé kí wọ́n tó padà wálé. Gbogbo Arámọkọ ló ń pè wọ́n ní Bàbá Tíṣà, àti àgbà àti ọmọdé. Màmá, ìyàwó wọn, kò fi Bàbá kún un rárá. Tíṣà ni wọ́n ń pè wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra sọ́nà, Tíṣà náà ni wọ́n sì ń pè wọ́n títí dé òpin.

Ìpótì ni wọ́n ti ra tẹlifíṣọ̀n náà. Ara pákó ni, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ bíi ti aboyún tí ìbí rẹ̀ ti sún mọ́lé, bọ́tìnnì kan wà níwájú rẹ̀ tó máa ń dún kọ́ bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, á kùn díẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa mọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Ó ti bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó bí mi, Bàbá ló sì ń tún un ṣe. Wọn ò kọ́ iṣẹ́ náà níbì kankan. Wọ́n kàn gbà pé ohun tí èèyàn bá fi sùúrù wò, èèyàn á mọ ibi tó ti ń dùn ún. Bí ẹ̀rọ èyíkéyìí bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀: ṣé iná wà? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa bá wáyà bọ̀ láti ibi tí iná ti ń jáde títí dé inú ẹ̀rọ. Mo ti fi ìkánjú ṣí ẹ̀yìn rédíò mi rí, kí wọ́n tó wá fi hàn mí pé bátìrì rẹ̀ ló ti kú. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Bósẹ̀, láti ara ògiri ni kó o ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ẹ má rò pé èèyàn tó rọrùn láti bá gbé ni wọ́n. Báírò pupa kì í kúrò lápò wọn, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé ìpè ìgbéyàwó wá sílé wa, wọ́n á kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe inú rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè ọjọ́ tí ìgbéyàwó náà bọ́ sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí akọ̀wé bá ka ìkéde tó sì ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, Bàbá á na ọwọ́ sókè nínú ìjókòó bí ọmọ ilé-ìwé. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kì í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá ni wọ́n bá jà jù lọ. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni Màmá, wọn ò sì fi èdè Ẹ̀fọ̀n sílẹ̀ rí. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu. Ọmọ Èkìtì ni Bàbá náà, ohun tí ìyá tiwọn náà fi tọ́ wọn dàgbà nìyẹn, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ti gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò gbọ́dọ̀ ní èdè méjì, ọ̀kan fún kíláàsì, ọ̀kan fún ilé ìdáná. Nítorí náà wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ Màmá ṣe, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nídìí oúnjẹ. Màmá á dákẹ́ títí Bàbá á fi sọ tiwọn tán. Wọ́n á wá ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti jẹ iṣu yín tán? Ẹ gbé abọ́ uṣu mi wá."

Ohun kejì tí Bàbá ò lè gbà ni irọ́, ì báà ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń pa kí àlàáfíà lè wà. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn tí Màmá sì fi ọwọ́ júwe láti yàrá pé kí wọ́n sọ pé òun ò sí, Bàbá á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á kí àlejò dáadáa, wọ́n á ní, "Ó wà nílé. Kò fẹ́ rí yín ni."

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó dé bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nígbà tí orí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ohun tí èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín. Màmá á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ tán, wọ́n á tún fi iyọ̀ sí i. Wọ́n á pe ìyá mi ní orúkọ àbúrò wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìyá wọn, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá mi. "Ìyá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tọjà dé?" Bàbá á sì dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn ìbéèrè gbogbo, ní tààrà: "Ìyá rẹ ti kú, Ìyá Dípọ̀. Ó ti pẹ́." Màmá á bú sẹ́kún. Ẹkún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni, nítorí pé lójú tiwọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Ó dọjọ́ kejì, wọ́n á tún béèrè, Bàbá á tún sọ fún wọn, wọ́n á tún sunkún ọ̀fọ̀ ìyá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi bẹ Bàbá. Ó ní kí wọ́n kàn máa sọ pé ìyá àgbà ń bọ̀. Bàbá bojú wò ó bí ẹni pé ó ní kí wọ́n jalè. Mo rò pé wọ́n gbà lọ́kàn wọn pé ẹ̀kọ́ ni; bí wọ́n bá tún un sọ dáadáa, á wọ Màmá létí lọ́jọ́ kan. "Mi ò ní parọ́ fún ìyàwó mi nínú ilé mi," ni wọ́n wí.

Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ara Màmá ò ní balẹ̀ mọ́. Wọ́n á wé gèlè, wọ́n á ká ìró sínú ọ̀rá, wọ́n á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Mo fẹ́ lọ ulé." Bí a bá ní ilé nìyí, wọ́n á wò wá tìfura-tìfura, bí ẹni tí àwọn àjèjì fẹ́ dá dúró. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn nìkan ló ń gbà wá. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bọ́tìnnì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n á jókòó sórí àga wọn, ọ̀rá á wà lórí itan wọn, wọ́n á sì máa kí ẹni tó ń ka ìròyìn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Kò ṣe pàtàkì ohun tó ń lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn díẹ̀ wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Bí kò bá sí iná, Bàbá á tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, wọn ò ní lò ó fún nǹkan mìíràn.

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀ rò pé àwọn fẹ́ ṣoore. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun pẹlẹbẹ wá láti Àkúrẹ́, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Nígbà tí wọ́n tàn án, Màmá pariwo. Wọ́n rò pé fèrèsé ni, wọ́n rò pé àwọn èèyàn ń yọjú wo àwọn láti ìta. Wọ́n fa ìró bo àyà, wọ́n ní kí a ti fèrèsé náà, wọ́n sì ń gbọ̀n. Bàbá ní kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Bàbá, ẹ ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi rí."

"Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ ni kí ìyá rẹ rí oorun sùn."

Bọ̀ọ̀dá gbé tẹlifíṣọ̀n wọn padà sínú mọ́tò, wọn ò sì tún dé Arámọkọ fún gbogbo àsìkò òjò ọdún yẹn.

Àsìkò ọyẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ náà kọ̀. Mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Ìjerò, mo sì ń ti Arámọkọ lọ, mò ń bọ̀. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ náà, Bàbá ń tẹ bọ́tìnnì. Kọ́. Kò sí nǹkan kan. Kò kùn, iná pupa kékeré iwájú rẹ̀ ò tàn. Màmá ti wé gèlè tán.

"Bósẹ̀, gbé láǹpù orí tábìlì rẹ wá."

Mo gbé e wá. Wọ́n yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri, wọ́n ki láǹpù bọ ibẹ̀, ó tàn. Iná wà nìyẹn. Wọ́n wo sítábíláísà tó ń mú iná dọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbi tó yẹ kó dúró, síbẹ̀ wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín, wọ́n ki tẹlifíṣọ̀n bọ ògiri tààrà. Kò tàn. Wọ́n tú orí wáyà rẹ̀, wọ́n yọ fíúùsì inú rẹ̀, wọ́n fi ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ rọ́pò. Kò tàn. Wọ́n fi bátìrì àti gílóòbù kékeré dán wáyà wò láti ìdí dé òkè, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti máa ń ká kò. Wáyà ò gé.

"Tíṣà, ilẹ̀ ń ṣú," ni Màmá wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìyá mi ń retí mi."

Bàbá yí tẹlifíṣọ̀n padà, wọ́n tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó wọn sínú ìdérí ìgò kí wọ́n má baà sọnù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo na ọwọ́ láti gbọn eruku, wọ́n sì gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n ní bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ lára ògiri, iná ṣì ń gbé inú rẹ̀, ó sì lè gbé èèyàn. Ká fún un láyè. A dúró. Bàbá ń wo inú ẹ̀rọ, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Màmá tó ń lọ, tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Fíúùsì mìíràn wà nínú. Ó ti dúdú bí ẹni pé wọ́n fi èéfín kùn ún. Ojú Bàbá mọ́ díẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i, mo sì rò pé a ti borí. Wọ́n fi tuntun síbẹ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Iná bù yẹ̀rì nínú ẹ̀yìn rẹ̀, fíúùsì tuntun náà dúdú. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń pa á," ni wọ́n wí, kò sì jọ pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí a fi gbójú sókè, Màmá ti jáde. A bá wọn lójú títì tó lọ sí Ìjerò, ọ̀rá wọn lọ́wọ́, ọ̀kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Nígbà tí Bàbá di apá wọn mú, Màmá fi èékánná ya ọwọ́ Bàbá, wọ́n ń ké sí àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n gba àwọn lọ́wọ́ bàbá yìí. Àwọn èèyàn tó mọ̀ wá gbé ojú wọn síbòmíràn. Bí a ṣe ń darí wọn bọ̀ wálé, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́yìn ọwọ́ Bàbá. Wọ́n ní, "Ó máa tàn lọ́la, Ìyá Dípọ̀. Mo ṣèlérí fún ọ."

Káyọ̀dé, ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìjerò, ti wà ní kíláàsì Bàbá rí. Bàbá gbé tẹlifíṣọ̀n náà sí ẹ̀yìn tákísí, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì fi apá gbá a mọ́ra títí a fi débẹ̀. Káyọ̀dé ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó tú ara tẹlifíṣọ̀n mìíràn tó ti kú, ó fi àwọn nǹkan inú rẹ̀ rọ́pò, ó fi òjé lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó tàn án. Ó tàn. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá kí ẹni tó ń ka ìròyìn. Wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Bàbá náà sùn lórí àga, ẹnu wọn là sílẹ̀, n kò sì rí oorun bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí. Lọ́jọ́ kejì, kí ìròyìn tó parí, òórùn jíjó gba gbogbo pálọ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n sún kì di ìlà funfun kan láàárín, ó sì ṣú.

Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ wá sí Arámọkọ. Ó tú u, ó wò ó pẹ́, ó lọ, ó sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Bàbá, ohun tó ń gbé iná fún ojú rẹ̀ ló jó. Wọn ò ṣe é mọ́. Mo ti wá a dé Adó, mo wá a dé Àkúrẹ́." Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Ṣé ó ti yẹ ibí wò? Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tọ̀hún ńkọ́? Ó ti fi mítà wọ̀n ọ́n. Ṣé ti irú mìíràn ò lè ṣe é? Ó ti dán an wò, kò bá a mu. Káyọ̀dé dáhùn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ nínú ohùn rẹ̀, títí ìbéèrè fi tán lẹ́nu Bàbá.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "O ti bi í tán."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ohun tí mo torí rẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Màmá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, gèlè lórí, ọ̀rá lọ́wọ́. "Mo fẹ́ lọ ulé." Mò ń dúró de ohun tí Bàbá máa ń sọ: ilé rẹ nìyí, bàbá rẹ ti kú, ilé tọ̀hún ti wó. Bàbá wo tẹlifíṣọ̀n tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n lọ fọ ọwọ́ wọn. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n dé fìlà, wọ́n gba ọ̀rá lọ́wọ́ Màmá.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká lọ ulé."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Kò ya Màmá lẹ́nu. Wọ́n kàn di apá Bàbá mú.

A wọ tákísí. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n, tí àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, Màmá ń na ìka sí wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilé bàbá wọn ti wó lóòótọ́. Ògiri kan ló ṣẹ́kù, ewéko sì ti bò ó dé ìdajì. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní ilé kejì gbé àga jáde fún wa láìbéèrè ohun tí a wá ṣe. Màmá jókòó, wọ́n wo ògiri náà, wọ́n wo ìta títí.

"Ìyá mi ńkọ́?"

Bàbá dúró lẹ́yìn àga wọn. Wọ́n ní, "Wọ́n lọ sóko. Wọ́n ní ká má dúró de àwọn."

Màmá ronú sí i. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà, Tíṣà. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

Màmá bá wa padà jẹ́jẹ́. Wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Ní tákísí, Bàbá ti kọjú sí fèrèsé ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yàrá mi, wọ́n pè mí padà. Wọ́n dúró nínú pálọ̀, fìlà wọn lọ́wọ́, wọ́n jọ ẹni tí wọ́n nà. "Bósẹ̀, jọ̀wọ́, má ṣe sọ fún Dípọ̀ pé mo parọ́."

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n di ìrìn wọn. Àwọn onítákísí ń fi àyè ẹ̀yìn mọ́tò pamọ́ dè wọ́n. Bí kò bá sí mọ́tò, wọ́n á rìn yí àdúgbò po títí wọ́n á fi gba ojú ọ̀nà mìíràn padà dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, Bàbá á sì ní, "A ti délé." Irọ́ náà ń le sí i lẹ́nu wọn ni, kò rọrùn sí i. Lọ́jọ́ tí ìyá Màmá bá lọ sóko, lọ́jọ́ tó bá lọ kí àbúrò rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá sùn tí wọn ò gbọ́dọ̀ jí i, mo máa ń rí Bàbá tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa sọ lójú ọ̀nà, bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé sórí.

Arámọkọ sì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní orí Bàbá Tíṣà náà ti ń dàrú. Bàbá ìjọ kan wá sílé, ó fi ọgbọ́n bá wọn sọ ọ́ pé kò bójú mu kí àgbà bíi tiwọn máa gbé aláìsàn káàkiri ojú pópó. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọn ò tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe lẹ́nu rẹ̀, èyí ló fi yé mi pé nǹkan ti yí padà nínú wọn. Wọ́n kàn ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́, ó kù díẹ̀ ká máa lọ."

Ní àárọ̀, wọ́n ṣì máa ń ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Mo bá wọn níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó lọ sílé-ìwé, gíláàsì lójú, lórí eékún wọn. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ibi tí eruku ò sí mọ́. Wọ́n á ki wáyà bọ ògiri, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á fetí sílẹ̀. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ohun tí wọ́n tún ń wá. Wọ́n ní, "Bóyá ibì kan wà tí mi ò tíì wò."

Òjò ló bá wọn lọ́nà, nígbà tí àsìkò rẹ̀ padà dé. Ó pa wọ́n ní Ẹ̀fọ̀n, ó pa wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò, Bàbá á sì bọ́ kóòtù wọn bo Màmá. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bàbá, ó kọ̀, kò lọ. Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀ gbọ́, wọ́n sáré wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìbínú. "Bàbá, ẹ ń pa ara yín." Bàbá ní, "Mo mọ̀." Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀ tí Màmá wé gèlè, Bọ̀ọ̀dá dìde, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn, wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún àwọn méjèèjì. Wọ́n wà wọ́n lọ, wọ́n wà wọ́n bọ̀. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun kò wáyé láàárín wọn mọ́, títí láé.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù ní Adó, mímí ti di iṣẹ́ fún wọn. Ìyá mi ń sunkún, dókítà ń sọ̀rọ̀, Bàbá ò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fèrèsé ni wọ́n ń wò, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù níbẹ̀. Wọ́n fa ìgbànú ọmọ wọn. "Dípọ̀, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ta ló ń mú un lọ?"

"Èmi ni, Bàbá. Bósẹ̀ ló wà pẹ̀lú wọn lónìí, èmi ni mo máa mú wọn lọ lọ́la."

"Bó bá béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá Dípọ̀ ló sọ èyí fún mi, mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn dáhùn pé, "Màá ní wọ́n lọ sóko." Bàbá wá mi orí wọn pé ó dáa, wọ́n sì di ojú. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi lọ.

Ọjọ́ tí a gbé òkú wọn wálé, àwọn ọkùnrin gbé tẹlifíṣọ̀n náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àyè lè wà fún pósí ní pálọ̀. A wọ aṣọ funfun fún Màmá, a gbé àga wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. A ti ń jiyàn láti àárọ̀ bóyá ká sọ fún wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́. Màmá wo pósí náà. Wọ́n wo àwọn èèyàn tó ń wọlé, tó ń bojú jẹ́. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí àlejò tó mọ ìwà hù.

"Ta ló kú?"

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi yíjú sí ògiri.

"Tíṣà kan ni, Mà."

"Tíṣà ibo?"

"Tíṣà Arámọkọ níbí ni."

Màmá rọra mi orí wọn. "Ó mà ṣe o. Ṣé ó níyàwó?"

"Wọ́n níyàwó, Mà."

Màmá fi ọwọ́ kan eékún mi.

"Ẹ bá obìnrin náà wá ẹni tí yóò máa jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́. Kò ní mọ ohun tó máa ṣe."